Ìsàlẹ̀ Òkè Ni A Ti Ń Yan Gíà

Nígbà tí tírélà tó kó sìmẹ́ǹtì bá kú sí àárín òkè, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu awakọ̀ ni pé ọkọ̀ náà kò lágbára mọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn awakọ̀ tí ń ti Òṣogbo gba Iléṣà kọjá sí ilẹ̀ Èkìtì, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ni ọkọ̀ pàápàá, tí wọ́n ti ń múra láti ná owó rẹpẹtẹ lé ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe nǹkan kan. Nínú èyí tó pọ̀ jù nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, gíà ni a ṣì yàn. Awakọ̀ náà gbé gíà tó ń lò lórí pẹrẹsẹ kọjú sí òkè, ó dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, ó wá ń wá gíà tí yóò gbà á níbi tí àyè àtiyí i ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé àwọn awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, pàápàá ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá yín, ni pé ìsàlẹ̀ òkè ni a ti ń yan gíà tí a óò fi gùn ún, àti pé ìwúwo ẹrù tó wà lẹ́yìn ni a fi ń yàn án, kì í ṣe bó ṣe ti mọ́ wa lára.

Ilẹ̀ Òṣogbo fúnra rẹ̀ kò ga púpọ̀. Ẹni tó bá ń ti Gbọ̀ngán bọ̀, tàbí tó ń gba Ìkirun lọ, yóò bá òkè kéékèèké pàdé, yóò sọ̀ kalẹ̀ ní gíà kan, bóyá méjì, yóò sì ti kọjá. Ìyẹn gan-an ló ń tan àwọn awakọ̀ wa jẹ. Bí ẹrù bá ti kọrí sí ìlà-oòrùn, ọ̀ràn yí padà. Lẹ́yìn Iléṣà, tí a bá ti kọjá Ìwàràjà sí ọ̀nà Erin-Ìjèṣà, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, nítorí pé ọ̀wọ́ àwọn òkè tí omi Olúmirin ti ń dà wálẹ̀ ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gùn kí ó tó dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Apá Ìgbájọ àti Ìmèsí-Ilé náà kò rọrùn. Agbègbè àwọn òkè wọ̀nyẹn ni àwọn ọmọ ogun Kírìjì ti kọjú síra wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tó bá sì ti gbé típà tó kún fún òkúta gba ibẹ̀ yóò mọ ìdí tí apá kan kò fi tètè lé ìkejì kúrò.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwúwo. Tí ojú ọ̀nà bá gbéra ní mítà 6 nínú gbogbo mítà 100 tí ọkọ̀ rìn, a ń sọ pé òkè náà ga ní ìdá 6 nínú 100. Ìṣirò rẹ̀ kò le, ènìyàn lè ṣe é nínú orí lórí ìjókòó awakọ̀: fún tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ wúwo, gbogbo ìdá 1 nínú 100 tí ọ̀nà fi ga ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú ipá tó tó ìwúwo kìlógíráàmù 10. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50, nítorí náà àpò 600 jẹ́ tọ́ọ̀nù 30. Tí orí tírélà àti ẹ̀yìn rẹ̀ bá wúwo tó tọ́ọ̀nù 15 lófìfo, àpapọ̀ rẹ̀ di 45. Lórí òkè ìdá 6 nínú 100, ipá tí ń fa ọkọ̀ náà sẹ́yìn jẹ́ tọ́ọ̀nù 2.7, láìtíì ka èyí tí tayà ń jẹ bó ṣe ń yí lórí ọ̀dà. Nígbà tí ọkọ̀ kan náà bá ń padà bọ̀ lófìfo, kìlógíráàmù 900 péré ni irú òkè bẹ́ẹ̀ ń fà á. Awakọ̀ kò yàtọ̀, ọkọ̀ kò yàtọ̀, òkè kò yàtọ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, gíà tó gbé ọkọ̀ òfìfo gòkè lánàá kò lè jẹ́ ẹ̀rí fún ẹrù tòní.

Ìwúwo yìí náà ló ń pinnu ìyára. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù HOWO tó wà lójú ọ̀nà wa ni a kọ 371 sí lára. Agbára ẹṣin tí ẹ́ńjìnnì náà ní ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Tí a bá yọ èyí tó ń sọnù nínú gíábọ́ọ̀sì, ṣáàfù àti dífù (ibi tí agbára ti ń bọ́ sí tayà ẹ̀yìn) kúrò, tí a sì fi èyí tó kù gbé tọ́ọ̀nù 45 gun òkè tí mo ṣàpèjúwe yẹn, ìyára tó pọ̀ jù lọ tí ó lè ní kò ju nǹkan bí kìlómítà 30 ní wákàtí kan lọ. Bí awakọ̀ tilẹ̀ tẹ iná títí tó fi kanlẹ̀, kò lè jù bẹ́ẹ̀. Kí ó tó lè gùn ún ní 60, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ẹṣin 700 lọ, kò sì sí irú rẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí a ń fi kó sìmẹ́ǹtì níbí. Èyí ni mo fẹ́ kí awakọ̀ gbà tọkàntọkàn kí ó tó dé ìdí òkè. Òkè àti ẹrù ti pinnu ìyára fún un. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ipò tí ẹ́ńjìnnì yóò wà nígbà tí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ dé ìyára yẹn, gíà ló sì ń pinnu ìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ńlá kì í lágbára bákan náà ní gbogbo ìgbà. Aago tí ń ka iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan ló ń sọ ibi tó wà fún wa. Nínú HOWO 371, láàárín 1,100 sí 1,600 ni ipá tó fi ń yí ṣáàfù ti pọ̀ jù lọ. Àwọn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn kò jìnnà sí èyí. Lórí òkè líle, mo fẹ́ kí aago wà láàárín 1,400 sí 1,700. Ìdí tí mo fi fẹ́ ibẹ̀ ni pé ó fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀: tí òkè bá tún le sí i lójijì, tí aago sì sọ̀ kalẹ̀ sí 1,300, ipá kíkún ṣì wà tí yóò gbé ọkọ̀ náà ró, awakọ̀ yóò sì ní àkókò láti ronú. Ẹni tó ti wà ní 1,100 tẹ́lẹ̀ kò ní ibi tí yóò sá sí. Bí aago bá ti sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ipá ń dínkù. Bí ipá bá ti ń dínkù, ọkọ̀ túbọ̀ ń lọ́ra. Bí ó bá sì ti ń lọ́ra, aago tún ń sọ̀ kalẹ̀ sí i, títí tí ẹ́ńjìnnì yóò fi kú.

Ìpalára gíà gíga lórí òkè kò mọ sí pé ọkọ̀ lè kú. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí ohun tí ń ti omi lọ sínú rádíétọ̀, òun náà ló sì ń yí fáànù nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa. Tí ó bá ń yí jẹ́jẹ́ nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ooru ń pọ̀, omi kò rìn kánkán, afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń bá pàdé níwájú kò sì tó nǹkan nítorí pé kò sáré. Tọ́bò tí ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì náà kò yí tó, nítorí náà dísẹ́ẹ̀lì tí a ń dà sínú ẹ́ńjìnnì kò rí afẹ́fẹ́ tí yóò fi jó tán, èéfín dúdú sì ń jáde. Àwọn kan gbà pé gíà gíga ń dín dísẹ́ẹ̀lì kù níbi gbogbo. Òótọ́ ni lórí pẹrẹsẹ. Lórí òkè, dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó ni èéfín dúdú yẹn, owó ẹni tó ni ọkọ̀ ló sì ń bá a lọ. Igi gíà tí ń gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀ náà ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: ìgbọ̀nrìrì yẹn ń lọ láti ẹ́ńjìnnì sínú kílọ́ọ̀ṣì, sínú gíábọ́ọ̀sì, ó sì ń gé ẹ̀mí wọn kúrú.

Báwo wá ni awakọ̀ yóò ṣe mọ gíà tó yẹ nígbà tó ṣì wà nísàlẹ̀, tí òkè kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọkọ̀? Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá béèrè ni pé kí ó mú ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ojú ọ̀nà tó tẹ́ pẹrẹsẹ ní òwúrọ̀ kùtù, kí ó sì wo ìyára tí gíà kọ̀ọ̀kan ń fún un nígbà tí aago ẹ́ńjìnnì bá wà ní 1,500, kí ọmọ mọ́tò sì máa bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó lẹ ìwé náà mọ́ ibi tí ojú rẹ̀ ti lè rí i. Ìwé ọkọ̀ kan kò wúlò fún òmíràn, bí wọ́n tilẹ̀ jọ jẹ́ HOWO, nítorí pé dífù wọn lè yàtọ̀, tayà wọn náà sì lè yàtọ̀. Nígbà tó bá wá dé ìdí òkè tó mọ̀ pé kò ní gbà ju 25 tàbí 30 lọ pẹ̀lú ẹrù tó wà lẹ́yìn, ìwé náà ti sọ gíà tí yóò bọ́ sí fún un. Nínú gíábọ́ọ̀sì oní-gíà mẹ́wàá, ó sábà máa ń bọ́ sí ìkẹfà tàbí ìkeje fún irú ẹrù àti òkè tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ìwé tirẹ̀ ni kí ó gbà gbọ́ ju ọ̀rọ̀ mi lọ.

Lójú ọ̀nà tí a kò mọ̀, ẹ wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ti wà lórí òkè náà níwájú yín. Bí wọ́n ṣe ń rìn, èéfín wọn, àti ibi tí wọ́n ti ń lọ́ra jù lọ yóò sọ púpọ̀ fún yín kí ẹ tó débẹ̀. Tí iyèméjì bá wà láàárín gíà méjì, èyí tó rẹlẹ̀ ni kí ẹ mú. Ẹni tó mú gíà tó rẹlẹ̀ jù ti pàdánù ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè gbé e sókè nígbàkigbà. Ẹni tó mú èyí tó ga jù lè pàdánù ọkọ̀.

Àbúrò kan tó ń wa típà bi mí léèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní sàn kí n ti ìsàlẹ̀ sáré wá, kí eré yẹn gbé mi gòkè?” Ìbéèrè gidi ni, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló sì ń ṣe é láìbéèrè. Ìdáhùn mi ni pé eré ń ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ràn wá lọ́wọ́ tó bí a ti rò. Ọkọ̀ tó bá ń sáré ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan ní agbára eré tó lè gbé e sókè ní mítà 14 péré, yálà ó wúwo tàbí kò wúwo. Lórí òkè ìdá 6 nínú 100, mítà 14 yẹn kò ju nǹkan bí mítà 240 lójú ọ̀nà lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́ńjìnnì àti gíà nìkan ló kù, àwọn òkè tí ń pa ọkọ̀ sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Òfin ìrìnnà tilẹ̀ sọ pé tírélà àti táńkà kò gbọdọ̀ ju 50 lọ lójú ọ̀nà tó jáde kúrò ní ìlú, àti 60 lórí ọ̀nà márosẹ̀. Ẹni tó ń sá wá sí ìdí òkè ní 80 ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn ra mítà díẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni yíyí gíà lórí òkè náà gan-an. Ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, kò sí ohun tí ń ti ọkọ̀ síwájú mọ́, òkè nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Lórí òkè ìdá 6 nínú 100, ọkọ̀ tí a tú kúrò nínú gíà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì yóò pàdánù nǹkan bí kìlómítà 5 ní wákàtí kan nínú ìyára rẹ̀. Ẹni tó ń lọ ní 50 lè fara da ìyẹn. Ẹni tó ń lọ ní 20 ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin eré rẹ̀ kí gíà tuntun tó wọlé. Nínú gíábọ́ọ̀sì HOWO oní-gíà mẹ́wàá, ìyàtọ̀ láàárín gíà kan àti èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta: tí a bá kúrò nínú gíà kan ní 1,200, gíà tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ yóò gbà á ní 1,600 lórí pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n lórí òkè, tí a bá ti ń rìn ní 30, ìyára tó sọnù láàárín yíyí náà yóò mú kí ó gbà á ní nǹkan bí 1,350 dípò 1,600. Bí òkè bá tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, gíà tuntun náà yóò dé tán kò sì ní rí nǹkan ṣe. Mo gbà pé kí a yí gíà nígbà tí aago bá ṣì wà ní 1,400, kí a má ṣe dúró de 1,200, kí ọwọ́ sì yá. Bí òkè bá le gan-an, fífo gíà kan lẹ́ẹ̀kan náà sàn ju yíyí lẹ́ẹ̀mejì lọ, ìgbà tí aago bá ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 1,000 sí 1,100 nìkan ni ó sì dára láti ṣe é. Ẹni tó bá fo gíà ní 1,500 yóò lé ẹ́ńjìnnì kọjá ààlà rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà awakọ̀ kan yóò sọ pé wọn kò kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀, pé ọ̀gá wọn sọ pé kí wọ́n má ṣe tètè já gíà, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fà á. Wọn kò purọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù Mack ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kọ́ṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1960 ni Mack ṣe ẹ́ńjìnnì tí wọ́n pè ní Maxidyne, tí ipá rẹ̀ gbòòrò láti nǹkan bí 1,200 títí dé 2,100, tó fi jẹ́ pé gíà márùn-ún péré ni wọ́n fi sí gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n so mọ́ ọn. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a lè jẹ́ kí ó fà á títí. Ẹni tó bá gbé ìmọ̀ yẹn lọ sórí DAF tàbí MAN oní-gíà mẹ́rìndínlógún ti fi nǹkan tí wọ́n ṣe fún un sílẹ̀. Nínú àwọn yẹn, bọ́tìnnì kan wà lára igi gíà tó ń pín gíà kọ̀ọ̀kan sí méjì, ìyàtọ̀ láàárín ìdajì méjèèjì kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ìdajì gíà yẹn ni ọ̀rẹ́ awakọ̀ lórí òkè: a ó tẹ bọ́tìnnì náà ṣáájú, a ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, a ó sì tú u, láìjẹ́ pé igi gíà kúrò níbi tó wà. Mo ti rí àwọn tó ń wa irú ọkọ̀ yẹn tí wọn kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà rí.

Bọ́tìnnì mìíràn tún wà, èyí tó ń ya gíà ìsàlẹ̀ kúrò lára gíà òkè. Nínú HOWO oní-gíà mẹ́wàá, ìkínní sí ìkarùn-ún wà nísàlẹ̀, ìkẹfà sí ìkẹwàá wà lókè. Èyí túmọ̀ sí pé láti ìkẹfà bọ́ sí ìkarùn-ún, kì í ṣe igi gíà nìkan ni yóò rìn. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú gíábọ́ọ̀sì láti pa ìsọ̀rí náà dà, ó sì ń gba àkókò. Ẹ gbé bọ́tìnnì náà sílẹ̀ kí igi gíà tó kúrò nínú ìkẹfà, kí pípadà náà lè ṣẹlẹ̀ bí ó bá ti ń gba fíríì, níbi tí kò ti sí nínú gíà kankan, kọjá. Ẹni tó dé fíríì kí ó tó rántí bọ́tìnnì ni ọkọ̀ ń yí padà sẹ́yìn mọ́ lọ́wọ́. Tí mo bá mọ̀ pé òkè kan yóò fi dandan mú mi lọ sí ìkarùn-ún, ìsàlẹ̀ ni mo ti ń bọ́ sí i, kódà bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn gíábọ́ọ̀sì Fuller tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń béèrè ohun mìíràn, nítorí wọn kò ní ohun tí ń bá awakọ̀ mú ìyípo gíà méjèèjì dọ́gba. Kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń fẹ́: a ó tẹ̀ ẹ́, a ó fà á sí fíríì, a ó tú u, a ó tẹ iná díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè gbéra dé ìyípo tí gíà ìsàlẹ̀ ń fẹ́, a ó tún tẹ̀ ẹ́, a ó sì wọlé. Orí pẹrẹsẹ ni kí a ti kọ́ ọ títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n. Òkè Ẹ̀fọ̀n kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ fún un.

Ní ti àwọn ọkọ̀ tí ń yí gíà fúnra wọn, bí àwọn Volvo oní I-Shift, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Wọ́n mọ ìwúwo tó wà lórí wọn ju bí ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n lọ, ṣùgbọ́n àwọn ti àtijọ́ kò rí òkè tó wà níwájú. Wọ́n lè gbé gíà sókè níbi tí ọ̀nà ti tẹ́ díẹ̀, kí òkè tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba yíyan gíà lọ́wọ́ wọn nígbà tí ẹ bá dé ìdí òkè, kí ẹ di gíà kan mú.

Táńkà nílò ìtọ́jú tó yàtọ̀. Lítà 33,000 ti bẹntiróòlù wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 24, ṣùgbọ́n lítà 33,000 ti dísẹ́ẹ̀lì sún mọ́ 28, nítorí náà awakọ̀ tó gbé bẹntiróòlù lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò gbọdọ̀ rò pé ẹrù kan náà ni òun gbé lónìí. Èyí tó tún léwu jù ni táńkà tí kò kún, tí wọ́n ti já ìdajì ẹrù rẹ̀ sí ibì kan. Bí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì lórí òkè, ọkọ̀ á fà sẹ́yìn, ohun tó wà nínú táńkà á ya síwájú. Bí a bá tú u lójijì, gbogbo rẹ̀ á tún ya lọ sẹ́yìn, á sì gbá ẹ̀yìn táńkà. Mo ń bẹ àwọn awakọ̀ táńkà pé kí wọ́n má ṣe yí gíà rárá láàárín òkè bí wọ́n bá lè yẹra fún un, pàápàá níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́nà. Gíà kan láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè ni kí wọ́n fi gùn ún, bó ti wù kí ó lọ́ra tó.

Bí ọkọ̀ bá wá dúró sórí òkè, ẹ má ṣe tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ó lè yí padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ tún gbìyànjú. Búréèkì ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà búréèkì ọwọ́, kí ọkọ̀ kọ́kọ́ dúró pátápátá. Ìgbà tó bá ti dúró ni ọmọ mọ́tò yóò sọ̀ kalẹ̀ fi wẹ́ẹ̀jì há tayà ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn mi ju gbogbo ohun tí mo ti kọ lọ: kí ẹnikẹ́ni má ṣe rán ọmọ ọlọ́mọ láti sáré lọ fi igi sábẹ́ tayà ọkọ̀ tó ṣì ń yí padà sẹ́yìn. Bí igi náà bá tàsé, tàbí tí ẹsẹ̀ ọmọ náà bá yọ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́. Gíà ìkínní ti ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ ni a fi ń gbéra níbẹ̀; a ó jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í mú, kí a tó tú búréèkì ọwọ́, a ó sì dúró sínú gíà náà títí ọkọ̀ yóò fi rìn dáadáa. Ìdí mìíràn nìyí tí ó fi yẹ kí a dúró nísàlẹ̀ bí a bá rí i pé ọkọ̀ ńlá kan ń fi ìnira gun òkè náà níwájú wa. Bí ó bá dúró, àwa náà yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá yí padà, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀.

Nígbà tí orí ọkọ̀ bá ti dé ténté òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà kí a má ṣe kánjú gbé gíà sókè. Ibẹ̀ ni a tún ti ń yan gíà ìsọ̀kalẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé gíà tí a fi gun òkè ni a fi ń sọ̀ ọ́, mo sì fara mọ́ ọn fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Fún àwọn tuntun tí ẹ́ńjìnnì wọn lágbára jù, tó fi ń lo gíà gíga láti gòkè, èyí tó rẹlẹ̀ ju ti ìgòkè lọ ló yẹ. Tọ́ọ̀nù 2.7 tó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn nígbà tí ó ń gòkè náà ni yóò máa tì í láti ẹ̀yìn nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, bí gíà kò bá sì dì í mú, búréèkì nìkan ni yóò máa dì í títí tí yóò fi gbóná tí kò ní mú mọ́.

Mo mọ ìdí tí àwọn awakọ̀ fi ń fi ọkọ̀ sí fíríì nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ ti wọn dísẹ́ẹ̀lì fún wọn, èyí tí wọ́n bá sì rí fi pamọ́ jẹ́ ti wọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó wà ní fíríì ṣì ń mu dísẹ́ẹ̀lì kí ó má bàa kú, nígbà tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tó wà nínú gíà, tí a gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná rẹ̀, tí òkè sì ń tì lọ, kì í mu dísẹ́ẹ̀lì rárá títí tí ìyípo rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀ kalẹ̀ dé ti ìdúró. Àwọn tó ni ọkọ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ èyí, kí wọ́n sọ ọ́ fún awakọ̀ wọn ní gáréèjì kí ó tó gbéra, kí wọ́n sì fi lítà díẹ̀ kún èyí tí wọ́n ń wọn fún ẹni tí ń gbé ẹrù wọn lọ sí Ẹ̀fọ̀n.